Orogún Oníkáàdì

Ọdún méjìdínlógójì ni Ìyá Aránṣọ ti ń fọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, kó tó di pé ọmọbìnrin kan tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ̀gbọ́n fún wá gba ẹ̀rín ọkùnrin náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ báyìí ló ṣe, nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó forí ṣèṣe bí wọn yóò ṣe tún máa sọ̀rọ̀, tí wọn yóò máa rántí èèyàn.

Pẹ́ńtà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Orí àkàbà ló wà tó ń kun ilé onílé, ni àkàbà bá yọ̀, ó forí sọlẹ̀. Egungun kankan ò kán. Ọpọlọ ló gbọgbẹ́. Ó ń jẹun, ó ń rìn, ó mọ ọ̀dà tó dára yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n bomi là. Ṣùgbọ́n bó bá wo ojú èèyàn, ojú lásán ló ń rí.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà!" ni Pẹ́ńtà kí ọmọbìnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ẹnu rẹ̀ là dé etí. Ó wá yíjú sí Ìyá Aránṣọ, tó kúnlẹ̀ tó ń so okùn bàtà fún un. "Ẹ ṣeun o, Sístà. Ẹ má jẹ́ kó fún jù."

Sístà! Díẹ̀ ló kù kí Ìyá Aránṣọ fa okùn náà já. Ó fẹ́ dìde kíákíá kó lè bínú dáadáa, ṣùgbọ́n ìdí tó tó àga méjì kì í dìde kíákíá. Nígbà kan rí, ìdí yìí kan náà ni Pẹ́ńtà fi ń fọ́nnu láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìwádìí ni Tíṣà àti ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe. Aláìsàn mẹ́jọ ni wọ́n kó jọ, Pẹ́ńtà sì ni ìkẹjọ. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má jẹ́ kí aláìsàn fojú bu ìdáhùn.

"Orí tó gbọgbẹ́ kì í rántí pé wọ́n bá òun wí, Mà," ni Tíṣà ti ṣàlàyé fún un. "Ohun tí ẹnu ẹ̀ bá ti sọ ló máa ń dì mú, ì báà jẹ́ irọ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń sọ òótọ́ fún wọn kí wọ́n tó ṣì í sọ."

Bí Tíṣà bá gbé káàdì tó ní àwòrán Ìyá Aránṣọ sókè, á ní, "Ìyàwó yín nìyí. Ẹ wí i." Pẹ́ńtà á ní, "Ìyàwó mi." Bó bá yá, Tíṣà á dákẹ́, á ka ení nínú ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, á ka èjì. Wọ́n ti ka dé ẹẹ́ta.

Lójú Ìyá Aránṣọ, ìwọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀kọ́. "Ìdáhùn ń ṣíwájú ìbéèrè! Ṣebí abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà?" Yàtọ̀ síyẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ yìí ń sọ "Èmi ni Tíṣà" lóòjọ́? Orogún ni, orogún tó fi káàdì gbọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé. Ó wo ìṣẹ́tí ẹ̀wù funfun ọmọ náà, ó rí i pé ó wọ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Pẹ́ńtà máa ń lọ sílé, á padà lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Aránṣọ bá pinnu pé kó tó dọjọ́ Ajé, ọkọ òun á mọ òun, ojú á sì ti ẹni tójú ń tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé e jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ta ni mí?"

Pẹ́ńtà wò ó títí. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀. "Sístà?"

"Rárá! Ẹ wò mí dáadáa."

"Ará ilé kejì?"

"Yéè! Ẹ ronú, Bàbá."

Ojú Pẹ́ńtà là. "Tíṣà!"

"Tíṣà kẹ̀! Èyí tí ò ní ìdí tó fi máa jókòó!"

Ó bi í níbi oúnjẹ. Ó bi í nílé ìwẹ̀. Ó bi í bó ti ń gé èékánná fún un. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Pẹ́ńtà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń làágùn mọ́ kó tó dáhùn. "Tíṣà ni yín," ó wí, ó sì fọwọ́ sọ̀yà.

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà gbé àwòrán Ìyá Aránṣọ sókè, ó ka ẹẹ́ta. "Tíṣà ni," ni Pẹ́ńtà wí. Wọ́n tún un ṣe, Tíṣà náà ni. Gége dúró lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ọ̀gá dókítà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ìyá Aránṣọ wà lórí bẹ́ńṣì níta. "Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, ẹ̀yìn ló ń padà sí. Ìtọ́jú yìí ò bá a mu. Yọ ọ́ kúrò lọ́la, ẹlòmíì ń dúró de àyè ẹ̀."

"Àṣìṣe mi ni, sà," ni Tíṣà fèsì. "Bóyá mo ti sáré jù."

Ọ̀rọ̀ náà dùn bí oyin lọ́fun Ìyá Aránṣọ. Kò tíì dé ikùn tó fi korò. Wọ́n fẹ́ lé Pẹ́ńtà wálé! Á wá jókòó síwájú òun, á máa pe òun ní Tíṣà títí ikú yóò fi mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì.

Ó dìde, bẹ́ńṣì han. "Ẹ dákun, ọ̀gá. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo bi í léèrè."

"Ẹ̀ẹ̀melòó, Mà?" ni Tíṣà bi í.

"Ọmọ mi, ta ló kà á? Bóyá ogójì, bóyá ọgọ́rin. Mo tiẹ̀ bi í nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọkọ tèmi, ìbéèrè ló mú un ṣìnà."

"Kí ló wá fà á, Mà?"

"Owú ni."

"Owú ta ni?"

"Tìẹ! Ta ló tún kù?"

Ọ̀gá wúkọ́ sọ́wọ́. Ìyá Aránṣọ ń retí èébú, ṣùgbọ́n ìwé ni Tíṣà ṣí.

"Kí lò ń kọ yẹn?"

"Owú ni, Mà. A ò tíì fi í sínú ìwádìí yìí."

Ọ̀gá fún wọn lọ́sẹ̀ méjì. Tíṣà kó káàdì fún Ìyá Aránṣọ, ó ní òun ò ní yọjú sí Pẹ́ńtà rárá. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ronú."

"Èmi ni ìyàwó yín. Ẹ wí i."

"Ìyàwó mi," ni Pẹ́ńtà wí, ó wá wo ẹnu ọ̀nà. "Tíṣà ò wá lónìí?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìyá Aránṣọ bí abẹ́rẹ́ tó wọ abẹ́ èékánná. Ó gbé e mì. "Èmi ni ìyàwó yín." Lọ́jọ́ kẹrin, bó ti ń ka èjì lọ́wọ́, ìsó yọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Ọjọ́ kejìlá ló gbìyànjú ẹẹ́wàá. Ó gbé káàdì sápá kan, ó gbé ojú ara rẹ̀ síwájú, ó dákẹ́. Kò tíì ka dé eéje.

"Ìyàwó mi," ni Pẹ́ńtà wí. "Kí ló dé tó o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣé mo jẹ ọ́ ní gbèsè ni?"

O! Kò tún pè é ní ẹ̀yin mọ́. Ìyá Aránṣọ kígbe, ilé mì. Tíṣà rò pé ẹnì kan ti ṣubú, ló bá sáré wọlé.

Pẹ́ńtà wo ẹ̀wù funfun náà, iwájú orí rẹ̀ hunjọ. Ojú tó fi ń wo ọmọbìnrin náà ṣófo. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ta nìyẹn? Ṣé..."

Kí Ẹlẹ́dàá dárí jì í, ó dùn mọ́ Ìyá Aránṣọ! Kó ṣáà panu mọ́ ni. Pẹ́ńtà á pe ọmọ náà ní Sístà, á pè é ní agbálẹ̀, á sì di irọ́ náà mú títí láé. Tíṣà dúró, òun pàápàá ń wò ó lẹ́nu.

Ìyá Aránṣọ ka ení. Ó ka èjì.

"Tíṣà nìyẹn," ó wí, ohùn rẹ̀ gan bí ohùn ẹni tí wọ́n fipá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wí i."

"Tíṣà!" Ẹnu Pẹ́ńtà là dé etí.

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ̀rín kún un."