Ẹnì Kẹta tí Ìbítóyè Rán Wá

Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì Yéjídé kú, ahọ́n rẹ̀ ló gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ náà ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Kábà wa. Kíkẹ́lọmọ, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lọ sílé ọkọ ní Ìyàrá. Ìbítóyè, àkọ́bí rẹ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ní Kàdúná, wá ní òun yóò máa rán ẹni tí yóò dúró ti ìyá òun wá.

Rachel ló kọ́kọ́ dé, ará Ẹ̀kìnrìn-Adé. Ìyá ní ẹ̀kọ tó ń rò, bí amọ̀ ilé ni. Rachel lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Elizabeth tẹ̀ lé e, opó jẹ́jẹ́ kan. Ìyá bi í léèrè bóyá ọkọ rẹ̀ kú lóòótọ́, tàbí ó kàn sá fún orin tó máa ń kọ bó bá ń gbálẹ̀. Òun náà dẹrù. Ni Ìbítóyè bá kọ̀wé pé bí ẹnì kẹta bá tún lọ, òun yóò fi mọ́tò gbé ìyá òun wá sí Kàdúná, òun yóò sì ti ilé pa.

Ìyá fi lẹ́tà náà rẹ́rìn-ín lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n oorun ò kùn ún mọ́. Ta ni yóò mọ ọmọ ẹni tóun í ṣe ní Kàdúná? Ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí ló fẹ́ kó gba òun náà.

Ẹnì kẹta ni Agatha. Ilé ìwòsàn ló ti kọ́ṣẹ́, fìlà funfun ń bẹ lórí rẹ̀ bí àwo tí wọ́n fi bo ọbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ rélùwéè, Sáríà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ, kò mọ aṣọ tí wọn kò tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí agogo bá ní kí ebi pa Ìyá ló ń fún un lóúnjẹ. Ìyá payín keke, ó ń rántí Kàdúná.

Ó wá kù díẹ̀ kí Kíkẹ́lọmọ bímọ. Ìyá jókòó gún ewé ẹ̀lú, ó sẹ́ omi eérú, ó po aró sínú ìkòkò lẹ́yìn ilé, kó lè rẹ òwú tí yóò fi hun ọ̀já ọmọ náà. Ẹni tó bá mọ aró mọ̀ pé kó tó jinná, yóò rùn bí òkú ẹran. Lọ́jọ́ keje, Agatha gbóòórùn rẹ̀. Ó ní wolé-wolé ń bọ̀, ẹ̀fọn yóò sì pamọ sínú omi ìdọ̀tí. Ó da gbogbo rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó tún fi ọṣẹ fọ ìkòkò.

Ìyá wo ìkòkò tó ń dán, ó ní, "Ìyá rẹ kò bí ọ. Ṣọ́ọ̀bù ló ti rà ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Agatha kí i ní "okun" bí a ti ń kíra nílùú wa, ó wẹ̀ ẹ́, ó fún un lẹ́kọ mu tán, ó sì gbé àpótí rẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀.

Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà ni yóò fi lolẹ̀ lọ bá a. Ìyá mú ọ̀pá. Ọ̀nà tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ì bá rìn kí wọ́n tó bó iṣu kan tán, oòrùn mú kó tó rìn ín tán. Oyèbánjí télọ̀ bi í bóyá ẹsẹ̀ ló máa fi rin Kàdúná. Ìyá ní kó lọ bójú tó ṣòkòtò tó ń rán, tó ń ya bí oníbàárà rẹ̀ bá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó bá Agatha lórí àpótí. Ó ní kó dìde, ìdí ń dun òun. Agatha dìde, Ìyá sì jókòó sórí àpótí náà gbáà. Awakọ̀ tẹ fèrè.

"Ẹ dìde, Ìyá. Mọ́tò ń lọ."

"Ta ló dì í mú?"

Agatha ní, "Bí n bá padà, ẹ ò ní fẹnu kan ìyá mi mọ́. Kò tíì pé ọdún kan nínú ilẹ̀."

Ìyá fi ọ̀pá tọ ilẹ̀. "N ò mọ̀. Kí Olúwa tẹ́ ẹ síbi rere." Mọ́tò ti ń yí kúrò. "Bàbá rẹ ńkọ́, ó wà?"

"Ó wà."

"Ó dáa."

Agatha fọwọ́ bo ẹ̀rín lẹ́nu. Ó gbé àpótí rù, Ìyá di èjìká rẹ̀ mú. Wọn ò tíì kọjá ṣọ́ọ̀bù Oyèbánjí tí Ìyá fi ń béèrè irú ọkùnrin tí yóò gun rélùwéè láti ọmọdé dàgbà, tí kò ní gbé ọmọ rẹ̀ débi tí wọ́n ti ń rẹ aró.