Ọ̀pá Ìdábùú Ilé Ìsìn Pẹ́níẹ́lì

Mo kí yín o, ẹ̀yin ará mi tí ẹ jókòó ti ìtàn yìí. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń ṣọ́ wa tí kì í tòògbé, tó jẹ́ ká sùn, ká tún jí, tí kò jẹ́ kí ilé di eérú mọ́ wa lórí. Ọ̀rọ̀ Àǹtí Ismay Bovell ni mo fẹ́ bá yín sọ, òun àti ọ̀pá ìdábùú tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní ilé ìsìn Pẹ́níẹ́lì.

Létí odò Demerara níbẹ̀, pákó la fi ń kọ́ ilé wa, pákó náà la fi kọ́ ilé Ọlọ́run. Pẹ́níẹ́lì dúró lórí òpó gíga nítorí omi, wọ́n kùn ún ní funfun, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló gòkè lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ ní apá méjì, inú ilé ló sì ń ṣí sí.

Ní gbogbo àìsùn ọdún, kí aago tó lu méjìlá, Bàbá Bovell tó jẹ́ olùtọ́jú ilé ìsìn á dìde. Á gbé ọ̀pá ìdábùú, igi líle inú igbó Essequibo tí ikán kò lè jẹ, á fi há inú ìkọ́ irin méjì tó wà lára ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ọdún tó ń lọ kò gbọdọ̀ ráyè fa ẹnikẹ́ni dání, ọdún tuntun sì gbọ́dọ̀ bá gbogbo agbo nínú ilé. Ẹni tó bá pẹ́ dé, orí àtẹ̀gùn ni yóò ti gba ọdún tirẹ̀.

Nígbà tí Ismay wà lọ́mọdé, ìdí ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, aṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sítáàṣì sí a máa ha á lọ́rùn. Òórùn àkàrà dúdú ọjọ́ Kérésì àti ọtí atalẹ̀ á máa gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí àwọn ìyá ìjọ gbé oúnjẹ sí. Bí ọ̀pá bá ti bọ́ sínú ìkọ́, tó dún gbì, gbogbo ẹ̀rù ọkàn ọmọ náà á lọ. Bàbá ti ti ilẹ̀kùn. Kò sí ohun tó lè wọlé.

Bàbá kú, ìyá tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kó lọ sí Toronto, wọn kò padà mọ́. Ìró yẹn nìkan ló kù fún un nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Nígbà tó ti di àgbà, tí irun rẹ̀ ti funfun, ó ṣì máa ń di ojú ní alẹ́ ọjọ́ náà kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ó wá di ọdún kan tí ìjọba fẹ́ ṣe òfin tuntun lórí ààbò lọ́wọ́ iná, nítorí pé ilé pákó ń jó ní Georgetown tó jẹ́ olú ìlú wa, wọ́n kọ́ òmíràn, ó tún jó. Wọn kò fi òfin náà sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé nìkan. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn: kọ́lékọ́lé, onílé ìtajà, onílé iṣẹ́ ìrẹsì, ọ̀gá panápaná, àti ẹnì kan tí yóò ṣojú àwọn ìjọ. Àwọn wọ̀nyí ni yóò yẹ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wò kí ìjọba tó fọwọ́ sí i. Àǹtí Ismay ni àwọn ìjọ rán.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, Díákónì Cuthbert Adonis sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Òun ló ń gbé ọ̀pá ìdábùú láti ìgbà tí Bàbá Bovell ti kú.

"Arábìnrin," ni ó wí, "mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ka dídábùú ilẹ̀kùn léèwọ̀. Bí wọ́n bá gbé e débẹ̀, sọ fún wọn pé ọkọ ìyàwó dé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wúńdíá tí kò bá tètè dé, kó lọ wá òróró rẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bọ̀dá Cuthbert."

"Má jẹ́ kí wọ́n fi tíì àti bisikíìtì ra ẹnu rẹ o."

"Ẹnu tèmi kọ́ ni bisikíìtì ń rà. Ta ló jẹ ti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi tán, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?"

Cuthbert rẹ́rìn-ín, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Ramdehol, onílé iṣẹ́ ìrẹsì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni alága ìgbìmọ̀. Ọ̀gá panápaná ni Leyland Fordyce, ọmọ tí Àǹtí Ismay fúnra rẹ̀ kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní Pẹ́níẹ́lì. Leyland dìde, ó ka ohun tó wà nílẹ̀: ilé yòówù tí èrò bá ń pé jọ sí, ìta ni kí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí sí, a kò sì gbọdọ̀ dábùú rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wà nínú ilé. Ilé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí á tì í pa.

Àǹtí Ismay nawọ́. "Mo bẹ̀bẹ̀ kí òfin yọ àwọn ìjọ sílẹ̀. Ní Pẹ́níẹ́lì, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún la ń dábùú ilẹ̀kùn, fún ìsìn ni. Nígbà Nóà, ṣé wọn kò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ àwọn tí a gbà là?"

"Tíṣà," Leyland fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, "ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé Ọlọ́run ló tì í. Kì í ṣe díákónì."

Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó mú un mọ́ra. "Leyland, ọmọ tó ń sùn bí a bá ń kọ́ ẹsẹ ìrántí, ìwọ lo wá rántí èyí."

Alága kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní ìlànà ìgbìmọ̀ wọn ni pé ibi tí ẹnu kò bá ti kò, ẹsẹ̀ ni kó lọ wò ó. Wọ́n fi ọ̀sán Sátidé sí i láti lọ dán an wò ní Pẹ́níẹ́lì.

Ìjọ pé lọ́jọ́ náà bí ẹni tó wá sí ìkórè. Àwọn ìyá gbé omi màúbì tí a ń fi èèpo igi sè wá. Cuthbert gbé ọ̀pá ìdábùú há inú ìkọ́, ó dún gbì, Àǹtí Ismay sì jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn bíi ti ìgbà èwe rẹ̀. Leyland ní bí òun bá ti fọn fèrè, kí kálukú dìde kó jáde bí ẹni tó gbọ́ òórùn iná.

"Ẹ̀yin arúgbó ẹ rọra o," ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn, "ọkọ̀ tí yóò gbé yín lọ sílé ìwòsàn kò sí nílẹ̀." Ẹ̀rín sọ.

Fèrè dún. Wọ́n dìde pẹ̀lú ẹ̀rín náà. Cuthbert ti yọ ọ̀pá lápá kan, àmọ́ kó tó yọ èkejì, àwọn tó wà níwájú ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó yọ ọ́ tán, ilẹ̀kùn kò ṣí. Inú ilé ló yẹ kí wọ́n fà á sí, bẹ́ẹ̀ ara ènìyàn ló ń tì í síta. Cuthbert ń sọ pé kí wọ́n sún sẹ́yìn. Àwọn ti ẹ̀yìn kò gbọ́, wọ́n rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí ni, wọ́n ń bọ̀. Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àwọn èrò tẹ Àǹtí Ismay mọ́ ògiri, èémí rẹ̀ kúrú. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Cuthbert tó lẹ̀ mọ́ pákó, ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Leyland tún fọn fèrè léraléra títí wọ́n fi padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fara pa. Bàtà Cuthbert kan ni wọn kò rí.

Àǹtí Ismay jókòó. Iná kankan kò sí. Èéfín kò sí. Ọ̀sán gangan ni, fèrèsé ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn sì mọ̀ pé eré ni. Ó wo ìkọ́ irin méjèèjì náà. Láti kékeré ló ti ń rò pé ọ̀pá yẹn ló ń dáàbò bò wọ́n. Ó wá yé e pé gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Olúwa ló ń ṣọ́ wọn nínú ilé tí àwọn fúnra wọn tì pa. Ó rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀, ọwọ́ tó le bí èèpo igi, tó máa ń gbé e sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn lẹ́yìn ìsìn. Bí ẹnì kan bá ti fi ọjọ́ òní han bàbá yẹn, ṣé yóò tún gbé ọ̀pá? Ó mọ̀ pé kò ní gbé e.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, ó ní òun kò bẹ̀bẹ̀ mọ́ pé kí wọ́n yọ ìjọ sílẹ̀. "Àmọ́ mo ní ọ̀rọ̀," ni ó wí. "Ẹ ní kí á ti ilé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ pa. Ìjọ etí odò kò lówó káfíńtà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá ìdábùú, ẹ jẹ́ kí á mú un kúrò lónìí, kò gba owó. Ilẹ̀kùn, ẹ fún wọn lọ́dún kan. Ẹ sì ti gbàgbé ohun kan: ilé wa ga lórí òpó, àtẹ̀gùn kan ló ní. Bí iná bá gba iwájú ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ pé kí wọ́n ní àtẹ̀gùn kejì lẹ́yìn."

Leyland kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. "Tíṣà, a kò ronú kan àtẹ̀gùn yẹn rárá."

"Nítorí ẹ̀ ń sùn nínú kíláàsì ni."

Alága bi wọ́n bóyá wọ́n gbà. Gbogbo wọn gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn náà ṣe lọ sọ́dọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe wọ inú òfin.

Àwọn kan nínú ìjọ bínú. Wọ́n ní wọ́n rán an lọ gba ìjọ sílẹ̀, ó lọ ti ìjọ sábẹ́ òfin. Wọ́n ń retí pé Cuthbert yóò ṣe aṣáájú wọn. Cuthbert ní, "Ẹ fi Arábìnrin sílẹ̀. Ẹni tí pákó bá ti bá fẹnu ko ẹnu ló mọ ohun tó sọ."

Kí ọdún tó parí, káfíńtà yí ilẹ̀kùn Pẹ́níẹ́lì padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àǹtí Ismay dá gòkè lọ wò ó. Ó fi ọwọ́ kan tì í, ilẹ̀kùn yẹra síta, afẹ́fẹ́ odò sì wọlé bá a lójú. Ó mọ̀ pé òun kò ní gbọ́ ìró bàbá òun mọ́ títí òun yóò fi lọ bá a. Ó sunkún díẹ̀ níbẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó ṣí apá kejì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ dáná ọ̀sán.

Ìwọ tó o ka ìtàn yìí, iná kò ní jó ilé rẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jó ilé aládùúgbò rẹ. Ibi tí o bá wọ̀ láyọ̀, láyọ̀ ni wàá jáde níbẹ̀. Ohun rere tí àwọn òbí rẹ fi sílẹ̀ fún ọ kò ní di ìdẹkùn fún ọ, Olùṣọ́ Ísírẹ́lì yóò sì máa ṣọ́ àtiwọlé àtijáde rẹ. Àmín.