Epo Pupa Lábẹ́ Ọkọ̀ Mashood

Láti ìgbà tí ọkọ̀ Mashood ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹyin ọ̀bu ni ọkàn Mọ̀ríámọ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀, kò ti balẹ̀ mọ́. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, láti Jámánì. Ṣùgbọ́n Mọ̀ríámọ̀ kò gbàgbé pé nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ni táyà rẹ̀ ti tẹ igbá ẹbọ kan fọ́, tòun ti ẹyin inú rẹ̀. Mùsùlùmí ni, ta ni ó fẹ́ sọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ fún?

Òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé Mùjídàt ọmọ rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọmọ inú rẹ̀ tó dábùú, Mọ̀ríámọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wá bàtà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó fi epo pupa kun àpótí irin tí òórùn náà ti ń jáde. Ṣebí epo ni ẹ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ kò lè gun òkè mọ́. Èéfín ń rú lábẹ́ ìjókòó.

“Màámi, ẹsẹ̀ mi ń gbóná,” ni Mùjídàt wí. Ìrọbí ti mú un.

Àwọn awakọ̀ èrò sì ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà; kò sí ọkọ̀ mìíràn. Ọkọ̀ wọ́ títí dé ọ̀dọ̀ Ọláníyì, mẹkáníìkì kan ní Ọjà Igbó. Ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

“Ẹ́ńjìnì ló ń jo epo. A máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni. Ó di ọ̀la.”

Mùjídàt kérora. Bí Mọ̀ríámọ̀ bá sọ̀rọ̀, ojú á tì í lójú àna rẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ ńkọ́?

“Kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Epo ọbẹ̀ ni. Èmi ni mo fi kùn ún, torí ẹbọ tí a tẹ̀.”

Ọláníyì fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ìyá, ó ku iyọ̀.”

Mashood kò rẹ́rìn-ín.

Ọláníyì ní kó tẹ ọkọ̀ níná, òun fúnra rẹ̀ sì na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu páìpù èéfín lẹ́yìn. Atẹ́gùn tó ń jáde kò tó èyí tó lè pa àtùpà. Ó tún wolẹ̀: àpótí náà ti pọ́n bí ẹyin iná.

“Asẹ́ èéfín ló wà nínú rẹ̀, ó dà bí afárá oyin. Bẹntiróòlù ìlú tí wọ́n ti ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ ní imí-ọjọ́. Tiwa ní. Imí-ọjọ́ ló bà á jẹ́ tó fi ń rùn, tó sì fi dí. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí epo yìí má lọ gbiná.”

Mùjídàt kò lè sọ̀ kalẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ wọ inú ọkọ̀ tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀. Lábẹ́ wọn, Ọláníyì da yanrìn lu epo, ó fi àpò tútù di sípánà mú, ó tú páìpù kúrò níwájú àpótí náà. Ohun kan bú bí àrá. Mùjídàt lọgun. Mọ̀ríámọ̀ rò pé iná ti dé.

“Èémí ẹ́ńjìnì nìyẹn,” ni Ọláníyì wí. “Ẹ máa lọ.”

Ariwo ọkọ̀ náà lé ewúrẹ́ kúrò lọ́nà títí dé ilé ìwòsàn. Mọ̀ríámọ̀ bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń ṣọ́ bóyá ó tún ń gbóná.

Nọ́ọ̀sì ní díẹ̀ ló kù kó pẹ́ jù. Wọ́n gbé Mùjídàt wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mashood dúró ti ìyá ìyàwó rẹ̀.

“Màámi, ẹ ò bá ti sọ fún mi.”

Mọ̀ríámọ̀ fẹ́ tẹ́wọ́ àdúrà, ó rí epo pupa lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ nù ún, ó ń nù ún, títí igbe ọmọ fi ta jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn.