Olùkọ́ Tí Imú Rẹ̀ Kò Gbóòórùn Mọ́

Láti ìgbà tí ibà ti dá olùkọ́ kẹ́mísìrì dùbúlẹ̀ ni imú rẹ̀ kò ti gbóòórùn mọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan, ọkọ rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Ta ni yóò fi yàrá tó kún fún oríṣiríṣi kẹ́míkà síkàáwọ́ ẹni tí kò lè mọ̀ pé nǹkan ń rùn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan dí imú lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ẹja ti jẹrà níbí o!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ já. Ẹja wo? Ámáìnì ni, kẹ́míkà tó máa ń rùn bí ẹja jíjẹrà. Ìgò rẹ̀ mẹ́rìnlá ló wà ní yàrá ìkẹ́rùsí, bí ọ̀kan bá sì ń jò, ó lè ta àwọn ọmọ lójú, ó sì lè gbiná.

Ó kó wọn síta, ó ṣí fèrèsé, ó pa gáàsì. Ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó jáde, ó tún wọlé, bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ó fa imú títí, òfo ni.

Ó wá rántí ohun tó ń kọ́ wọn lọ́dọọdún. Nínú ámáìnì, náítírójìn na ọwọ́ mẹ́ta sí àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n elẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ṣẹ́kù tí kò rí ẹni bá so. Àwọn méjì yìí ló ń já háídírójìn gbà lọ́wọ́ omi àti ásíìdì. Ìdí nìyẹn tí ámáìnì fi ń sọ bébà lítímọ́ọ̀sì pupa di búlúù.

Ó rẹ bébà náà sómi, ó ń gbé e kọjá lẹ́nu ìgò kọ̀ọ̀kan. Pupa. Pupa. Nígbà tó dé ìgò kẹsàn-án, bébà di búlúù. Ìdérí rẹ̀ ti là.

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé ìgò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín síta, ó sì da fínígà, tó jẹ́ ásíìdì, sórí èyí tó ti kán sílẹ̀. Bí náítírójìn bá ti gba háídírójìn, iyọ̀ ló ń dà. Iyọ̀ kì í sì í fò wọ inú afẹ́fẹ́.

Àmọ́ ṣé òórùn náà ti lọ? Bàbá Onígò, ẹni tó ń fọ ìgò àti ife ní yàrá náà, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣì ń rùn?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò nímú ni?"

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Imú mi ti kú, Bàbá. Ó pé oṣù mẹ́rin."

"Mo ti fura," ni bàbá náà wí. "Ẹyin jẹrà sínú àpótí tábìlì yín, ẹ jókòó tì í lódidi ọ̀sẹ̀, ẹ ń kọrin." Ó fa imú. "Ó ti dínkù. Ẹ tún da díẹ̀ sí igun yẹn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, olùkọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá kò lé e, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ dá wọ yàrá ìkẹ́rùsí mọ́. Bàbá Onígò ni yóò máa bá a wọ̀ ọ́. Ó dùn ún wọra, síbẹ̀ ó gbà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sílé, ó gbé apá aṣọ rẹ̀ símú, bóyá òórùn ẹja ti mọ́ ọn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó bá ń yọ́ wo obìnrin tó jókòó tì í, bóyá ó ń súnra sẹ́yìn.