Òórùn Tí Màmá Nìkan Ń Gbọ́

"Kì í ṣe iwájú," ni Màmá Adésànyà wí. "Ẹ̀yìn ni, níbi ìjókòó ẹ̀yìn. Ṣé o ò gbọ́ ọ ni?"

Mánsúrù ti orí bọ inú ọkọ̀ náà títí èjìká rẹ̀ fi kan ìjókòó. Ó fa èémí sínú, ó dá a dúró díẹ̀, ó tún fà á. Oòrùn ọ̀sán ti na òrùlé ọkọ̀ náà gbóná janjan. Ooru nìkan ló bá pàdé nínú rẹ̀. Ó yọ orí jáde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

Ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ti mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́.

Màmá dúró, ó ń wò ó. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, opó ni, ó sì ń dá gbé ní Bódìjà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé ni Mánsúrù ti ń bá wọn tún ọkọ̀ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, ó sì ti rí i nígbà tínú rẹ̀ dùn, ó ti rí i nígbà tínú ń bí i. Èyí kì í ṣe ìbínú. Ńṣe ni obìnrin náà rọra rẹ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí okùn.

"Ó dáa," ó wí. "Àwọn ọmọ mi ló ń sọ òótọ́ nígbà náà."

Ó kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ó ní bó bá tún un ṣe tán, kó pe Olúwafikúnayọ̀mi ọmọ òun, òun ni yóò wá gbé e. Mánsúrù fẹ́ bi í léèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ sọ, ṣùgbọ́n Màmá ti na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan tó ń bọ̀, ó ti wọlé, ó ti lọ.

Nínú ọyẹ́ èṣí ni imú Mánsúrù kú. Ọ̀fìnkìn líle kan ló dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ikọ́ ti lọ, ara ti yá, ṣùgbọ́n òórùn kò padà. Ó kọ́kọ́ rò pé yóò padà tó bá yá. Ó ń gbé ọṣẹ símú, ó ń gbé àlùbọ́sà símú, ó gbé pẹtiróòlù gan-an símú. Òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ wá dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ páálí.

Mujeebat ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Àbújá nígbà náà, lọ́dọ̀ Zùwáírátù ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ní òun á lo ogójì ọjọ́ níbẹ̀ kóun tó padà. Ogójì ọjọ́ náà di oṣù, oṣù gun orí oṣù, kò sì sí ìjà kankan láàárín wọn téèyàn lè fọwọ́ tọ́ pé òun ló fà á. Bí wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara wọn, Mujeebat á béèrè bóyá iná ń wà déédéé, ọ̀rọ̀ á sì tán. Mánsúrù kò rí àyè tí ọ̀rọ̀ imú lè gbà wọ àárín ìyẹn.

Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní Mọ́kọ́lá. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì tí kò lè gbọ́ òórùn epo? Ó ń dọ́gbọ́n sí i. Bó bá rí ohun tó kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, á fi ìka tọ́ ọ, á fi àtàǹpàkò rà á. Bó bá ń yọ̀, ọ́ìlì ni. Bó bá tutù lọ́wọ́ tó sì gbẹ kíá, pẹtiróòlù ni. Èyí tí ọwọ́ kò bá lè mú, ó ní kọ̀ǹpútà tó fi ń yẹ ọkọ̀ wò, ó sì ní ẹ̀rọ èéfín tó ń fi ibi tó jò hàn.

Kọ̀ǹpútà ti sọ tirẹ̀: ooru epo ń jò níbì kan nínú ọkọ̀ Màmá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í sọ ibi tó ti ń jò. Ọkọ̀ òde òní kì í jẹ́ kí táǹkì epo mí síta. Ooru tó bá ń ti ara epo jáde, inú rọ́bà ló ń gbà lọ sínú agolo kan tí wọ́n rọ èédú sí, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fà á lọ jó. Bí ihò tó mọ bí ojú abẹ́rẹ́ bá wà lójú ọ̀nà yẹn, iná á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí Màmá kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà wá, Mánsúrù pààrọ̀ ìdérí táǹkì, torí òun ló sábà máa ń fà á. Iná náà kú. Kò pẹ́, ó tún tàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀rọ èéfín jáde. Ó dí ibi tí agolo èédú ti ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, ó ki ẹnu ẹ̀rọ náà bọ rọ́bà tó ti ẹ́ńjìnnì lọ sí táǹkì, ó sì tàn án. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rọ́bà lọ. Ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí nǹkan kan. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo agolo èédú náà yíká, ó wo ọrùn táǹkì tó sábà máa ń dógùn-ún. Kò sí. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń ronú. Níbo ni Màmá ní òun ti ń gbọ́ ọ? Ìjókòó ẹ̀yìn.

Ó jáde, ó tú ìjókòó náà kúrò. Ìdérí irin pẹlẹbẹ kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lórí táǹkì gan-an. Bó ṣe ṣí i báyìí, èéfín tín-ín-rín kan dìde wá pàdé rẹ̀, ó rọra ń gùn sókè nínú ọkọ̀ náà láìyára. Rọ́bà kékeré kan tó wà lórí táǹkì ló ti gbó, tó ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí táǹkì bá kún tí oòrùn sì mú, kò sí ibòmíràn tí ooru epo yóò gbà ju inú ọkọ̀, sára ẹni tó ń wà á.

Ibẹ̀ ni Ayẹni tó ń kun ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì ti bá a, tó fẹ́ yá sípánà. Ayẹni na ọrùn wo inú ọkọ̀, ó sì fi ọwọ́ bo imú.

"O ti wá rí ibi tó ti ń jò," ó wí. "Láti àná tí ìyá yẹn ti gbé e dé ni epo ti ń rùn dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ó dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì títì gan-an bi mí. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, pé o mọ ohun tí ò ń ṣe."

Mánsúrù ní bẹ́ẹ̀ ni, òun mọ̀. Ó fún un ní sípánà. Nígbà tí Ayẹni lọ tán, ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà pẹ́ kó tó lè dìde.

Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó tún fi èéfín dán an wò, kò sí ibi tó jáde sí mọ́. Ó pa iná dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì pe Olúwafikúnayọ̀mi. Ọ̀dọ́kùnrin náà dúpẹ́ gidigidi. Ó ní àwọn fẹ́ ta ọkọ̀ náà, pé Màmá ń bọ̀ wá gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé òun ní Challenge, àti pé àwọn fẹ́ mú wọn lọ rí dókítà nípa ọpọlọ wọn. Mánsúrù sọ fún un pé òun ti rí ibi tó ti ń jò.

"Jíjò nìyẹn, ọ̀gá," ni ọmọ náà wí. "Òórùn ni wọ́n ń sọ ní tiwọn. Èmi wà á láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí gbogbo fèrèsé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò gbà. Àfìgbà tí ẹ̀yin náà sọ ọ́. Àná ni wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n máa bọ̀ wá kó ẹrù wọn. Ẹ ṣe wá lóore."

Ohùn ọmọ tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni, ìyẹn ló sì jẹ́ kó wúwo létí Mánsúrù. Ó dágbére fún un. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọ inú ọkọ̀ náà, ó sì wà á lọ sí Bódìjà.

Ó bá Màmá ní pálọ̀, láàárín páálí tó ń kó ìwé sí. Ó kí i, Màmá ní kó jókòó. Mánsúrù kò jókòó.

"Epo ń rùn nínú ọkọ̀ yín, Màmá. Ó ń rùn dé òdìkejì títì. Èmi ni mi ò gbọ́ ọ."

"O ní kò sí."

"Mo ní mi ò gbọ́. Mi ò lè gbọ́ òórùn kankan mọ́, láti ọyẹ́ èṣí. Imú mi ti kú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́."

Màmá dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé ìkòkò kan jáde. Inú ìkòkò náà dúdú bí èédú.

"Ẹ̀wà ni," ó wí. "Mo gbé e kaná lálẹ́ àná. Mo jókòó sórí àga yìí, mo gbọ́ ọ tó ń jó. Mo wá ń sọ fún ara mi pé kò sí nǹkan tó ń jó, pé ara mi ló tún ń tàn mí. Èéfín ló lé mi dìde."

Mánsúrù dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Màmá tó ní kó dìde.

"Ta ni ẹ jọ wà nílé?" ó bi í.

"Kò sí, mà. Èmi nìkan ni."

"Gáàsì lo fi ń dáná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló wá ń bá ọ gbọ́ ọ bó bá jò?"

Mánsúrù fẹ́ sọ pé òun máa ń fi omi ọṣẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ó gbé ojú sókè, ó rí ojú Màmá, ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó ní kò sẹ́ni kankan.

Màmá pe ọmọ rẹ̀, ó sì na fóònù náà sí Mánsúrù. Mánsúrù tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, imú àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì àti rọ́bà tó sán. Nígbà tó parí, ọmọ náà ní kó gbé fóònù fún ìyá òun. Mánsúrù gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì, ó jáde kó lè fi wọ́n sílẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ tí Màmá ń sọ pé rárá, kó má tíì wá, òun fẹ́ gbé ọkọ̀ òun jáde díẹ̀.

Mánsúrù rìn dé etí títì. Ọjọ́ ti ń rọ̀. Àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ ní méjìméjì. Ó mú fóònù, ó pe Mujeebat. Wọ́n kí ara wọn. Ó béèrè ọmọ, ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ wà. Mujeebat béèrè bóyá iná wà, ó ní ó wà. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán.

"Mujeebat, mi ò gbọ́ òórùn mọ́."

"Òórùn kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀. Láti ọyẹ́ èṣí."

Igbe ọmọ náà ń dún lẹ́yìn Mujeebat.

"Kí lẹ wá ń jẹ, Bàbá Zùwáírátù?"

"Ohun tó bá wà. Ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀."

Ó gbọ́ tó mí sínú. "Ẹ dúró," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ yìí fún ìyá ẹ̀. Ẹ má pa fóònù o."

"Mi ò ní pa á."

Ó gbọ́ tó gbé fóònù náà lé nǹkan kan, ó gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ tó ń jìnnà lọ. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú rẹ̀, ẹni tó ń wà á bi í bóyá Mọ́kọ́lá ló ń lọ. Mánsúrù juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Ó fi fóònù mọ́ etí, ó ń dúró.