Ọwọ́ Bàbá Àgbà Lára Irin

"Wọ́n ní ọmọ yẹn ló sọ fún Bàbá pé..."

"Pé kí ni?"

"Pé ọwọ́ wọn... Ẹ má dá mi lẹ́nu o."

"Pé ó dọ̀tí? Níṣojú àwọn òṣìṣẹ́?"

"Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ. Bàbá kàn wọ bàtà wọn ni, wọ́n bá tiwọn lọ."

"Hẹn-ẹ́n! Ọmọ tí kì í lanu, ìgbà tó máa là á, orí àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀!"

Báyìí ni wẹ́dà àti ìyá olómi ẹnu ọ̀nà ṣe ń pín in jẹ. Èmi ni ọmọ náà. Kí ọ̀rọ̀ tó détí ìyá mi, ó ti yọ ìwo: wọ́n ní mo ti Bàbá àgbà ṣubú. Ìyá mi ní bí bàbá òun ò bá fẹnu ara wọn dárí jì mí, mi ò ní tẹ ibi iṣẹ́ wọn mọ́. Iṣẹ́ ọ̀hún nìkan sì ni mo mọ̀. Bàbá àgbà ló kọ́ mi nílé, láti ìgbà tí mi ò tíì lè gbé korobá ọ̀dà.

Ẹsẹ̀ afárá kan là ń tún ṣe, ó ti dípẹtà. A fi ẹ̀rọ fẹ́ yanrìn sí i lára títí irin fi funfun bí eyín ọmọdé. Ọ̀dà tó ń lé ìpẹtà ló kàn, lẹ́yìn náà aṣọ tí wọ́n fi fọ́nrán dígí hun, tá a máa fi gọ́ọ̀mù tó ń le bí òkúta wé mọ́ ọn bí ọ̀já.

Kí a tó kùn ún ni Bàbá àgbà wá wò ó. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe níbi gbogbo. Wọ́n ní, "Irin, o káre." Òógùn wọn hàn lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ bàtà wọn. Wọ́n lọ.

Mo fọ ojú ibẹ̀, a tún fẹ́ yanrìn sí i, a kùn ún, a wé e.

Lọ́jọ́ kẹrin, tí gọ́ọ̀mù ti le, Bàbá àgbà yọjú. Ìyá mi ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé kan aṣọ náà látòkè délẹ̀, nítorí ibi tí kò bá lẹ̀ mọ́ irin á dún bí agbè òfìfo. Kó, kó, kó. Kò síbi tó ṣófo.

"Bàbá, ẹ forí jì í," ni ìyá mi wí. "Wọ́n ní ó ní ọwọ́ yín dọ̀tí, ó sì tì yín ṣubú."

"Ta ní? Àwọn tó fi etí sílé, tí wọ́n gbé ẹnu wá síbi iṣẹ́?" Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín. "Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá àwọn ọ̀pá iná tí mo kùn láyé ọjọ́un kiri. Mo rí mẹ́ta. Lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibi tọ́wọ́ mi ń dé gan-an lọ̀dà ti bó. Ogójì ọdún, ẹnì kan ò lè sọ fún mi!"

Wọ́n yọ ìbọ̀wọ́ tuntun lápò, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n kọjú sí ìyá mi.

"Gbọ́ ohun tọ́mọ rẹ sọ, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Ó ní: 'Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé irin tó bá mu òróró ọwọ́, kì í mu ọ̀dà mọ́.'"