Àwọn Òkú Tó Jókòó Lórí Àpótí Ìgò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ẹ bá mi wá Ayẹ̀gòwò lọ sí ilé iṣẹ́ ìgò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ìgò síwájú iná, kó wò ó yí ká. Èyí tó bá ti sán, ó di inú iléru padà. Ojú tó mú yẹn làwọn òṣìṣẹ́ rí tí wọ́n fi yàn án sínú ìgbìmọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Nídìí iléru yẹn náà ni bàbá rẹ̀ ti lo agbára rẹ̀ tán kó tó fẹ̀yìn tì, àmọ́ láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, owó bàbá kò wọlé mọ́. Bó bá bi í, bàbá á ní, "Wọ́n ń fi falẹ̀ ni. Fi mí sílẹ̀ jàre." Ayẹ̀gòwò ló wá ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, òun ló ń san owó ilé, apá rẹ̀ ò sì ká a mọ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Àjà kẹrin ni wọ́n ti ń ṣe é, lífíìtì sì ti bàjẹ́ láti èṣí. Kí Ayẹ̀gòwò tó gòkè dé ibẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú Ọ̀gá Àgbà ń dùn ṣìnkìn ní tirẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, owó ìfẹ̀yìntì ti pọ̀ jù nínú àpò. Ẹ jẹ́ ká yọ níbẹ̀, ká fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun. Kí Oníṣirò sáà ti buwọ́ lù ú."

Oníṣirò yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan ni. Òun ló ń gba ìgbìmọ̀ nímọ̀ràn nípa iye ọdún tó ṣeé ṣe káwọn tó fẹ̀yìn tì ṣì lò láyé, àti iye tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kówó má baà tán mọ́ wọn lọ́wọ́. Láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀, kọ́bọ̀ ò lè jáde. Kò mú bíírò.

"Owó pọ̀ lóòótọ́ o, ọ̀gá," ló wí. "Ìdí tó fi pọ̀ ni kò yé mi. Wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó fẹ̀yìn tì ló kú lọ́dún tó kọjá. Ikú kì í pa èèyàn báyìí. Ṣé àjàkálẹ̀ àrùn jà níbí ni?"

"Ooru iléru ni," Ọ̀gá Àgbà dáhùn. "Ó ti jẹ wọ́n nínú tán. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Ara Ayẹ̀gòwò bù máṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo orúkọ bàbá mi nínú ìwé yín, olórí àwọn tó ń dáná iléru nígbà yẹn."

Oníṣirò wò ó, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Àwọn náà wà lára wọn."

"Ta ló kú? Bàbá tó bá mi jà láàárọ̀ yìí pé ọbẹ̀ mi tẹ́?" Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á, kí inú tó bí i. Wọ́n ní bàbá ò wá sí àjà kẹrin wá buwọ́ lùwé pé òun wà láyé; ẹni tí ò bá sì wá, òkú ni. Oníṣirò ti bíírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun ò ní buwọ́ lu nǹkan kan, àfi tóun bá fojú ara òun rí i bóyá lóòótọ́ làwọn òkú yìí kú. Ọ̀gá Àgbà ní kò burú, ó di ọjọ́ Ẹtì. Bí wọn ò bá yọjú lọ́jọ́ náà, kí Oníṣirò buwọ́ lù ú nìyẹn.

Ayẹ̀gòwò délé, kò tiẹ̀ jókòó. "Bàámi, kí ló dé tẹ́ ò lọ buwọ́ lùwé?"

"Mo lọ."

"Ẹ lọ, wọ́n wá ní ẹ ti kú?"

Bàbá ń wolẹ̀. "Mo dé àjà kejì, orúnkún ní òun ò lọ mọ́. Èmi tí mo ń gbé irin gbígbóná! Kí n wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, káwọn ọmọdé máa wò mí? Mo yí padà ni tèmi." Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ó dun Ayẹ̀gòwò wọra. Ó gba ilé àwọn ọ̀rẹ́ bàbá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń gbọ́: orúnkún, ìbàdí, èémí. Kálukú rò pé òun nìkan ni, ó sì fi ìtìjú pa á mọ́ra.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Ayẹ̀gòwò bẹ awakọ̀ ilé iṣẹ́, ìyẹn sì já ìgò kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó kó àwọn arúgbó sí i. Wọ́n tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé Ọ̀gá Àgbà, wọ́n fún wọn ní àpótí ìgò jókòó lé. Ẹ̀yin náà, ẹ ti rí òkú tó ń pariwo rí? Wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ọjọ́ tí wọ́n sin wọ́n.

Ọ̀gá Àgbà yọrí lójú fèrèsé. "Kí wọ́n gòkè wá!"

Bàbá Ayẹ̀gòwò na ọ̀pá sókè. "Àwa òkú kì í gun àtẹ̀gùn! Ìwọ ni kó o sọ̀ kalẹ̀!"

Oníṣirò ti wà nísàlẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó pẹ́ kí Ọ̀gá Àgbà tó dé. Ó sanra, ó ti làágùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì di ògiri mú. Bàbá ti àpótí kan sún mọ́ ọn.

"Jókòó, ọmọ wa. Orúnkún ni, àbí?"

Ọ̀gá Àgbà jókòó.

"Ọ̀gá, kò sówó tó ṣẹ́ kù," Oníṣirò wí. "Owó àwọn tó jókòó tì yín yìí ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ san gbogbo èyí tẹ́ ẹ jẹ wọ́n, kẹ́ ẹ sì gbé tábìlì ìbuwọ́lù wá sẹ́nu géètì."

Ọ̀gá Àgbà wo àwọn arúgbó yẹn yí ká, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ti pa ẹ̀rọ tì tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun gbà. Háà, ariwo ayọ̀ sọ! Wọ́n gbé tábìlì jáde lójú ẹsẹ̀, bàbá Ayẹ̀gòwò ló sì kọ́kọ́ buwọ́ lùwé, ó tẹ bíírò mọ́ ọn débi pé ìwé fẹ́ ya. Ayẹ̀gòwò tí kì í sunkún dì mọ́ ọn, ó bú sẹ́kún.

"Gbẹ́nu dákẹ́," ni bàbá wí. "Láti òní lọ, èmi ni mo máa ra oògùn mi. Ìwọ sáà ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀."